Ẹ ka míta kí ẹ tó gbé òòlù: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa àmì-ẹ̀yẹ àtúnṣe ilé

Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló mọ bí wọ́n ṣe ń tún ilé àtijọ́ ṣe kó má fi iná ṣòfò mọ́, àmọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ ìwé-ẹ̀rí tàbí àmì-ẹ̀yẹ, ọwọ́ òfo ni wọ́n ń gbé wá. Iṣẹ́ wọn dára, ẹ̀rí ni kò sí. Ẹni tó wá yẹ ilé wò kò lè rí inú ògiri tí wọ́n ti rẹ́, tí wọ́n sì ti kùn. Nọ́ńbà ló máa kà, fọ́tò ló máa wò. Torí náà, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ ilé náà ni ẹ ti gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ.

Ẹ gba ìwé iná àti ti gáàsì oṣù 12 tó ṣáájú iṣẹ́ lọ́wọ́ onílé. Iye kilowatt-hour (kWh), ìyẹn ìwọ̀n iná tí wọ́n lò, ni kí ẹ wò, ẹ fi owó sílẹ̀, torí owó iná lè gòkè láìjẹ́ pé wọ́n lo iná sí i. Ẹ má sì kàn fi ọdún kan yọ kúrò lára èkejì. Bí òtútù ọdún tó tẹ̀lé iṣẹ́ yín kò bá le tó ti tẹ́lẹ̀, ojú ọjọ́ ló bá yín dín iná yẹn kù. Degree day, ìyẹn ìṣirò tó ń sọ bí òtútù ṣe le tó àti bó ṣe pẹ́ tó, la fi ń tún un ṣe. Ẹ mú ìwọ̀n kan tí ilé kò ti nílò ẹ̀rọ amúlémóoru mọ́, ká ní 15.5°C. Ọjọ́ tí ìpíndọ́gba ìta bá jẹ́ 5.5°C, degree day 10 nìyẹn. Ẹ ro ti gbogbo ọdún pọ̀. Ká wá ní ilé kan jẹ 18,000 kWh fún ooru ní ọdún tí degree day rẹ̀ jẹ́ 2,400: 7.5 kWh ló bọ́ sí fún degree day kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn iṣẹ́, ó jẹ 9,000 kWh ní ọdún tí degree day rẹ̀ jẹ́ 2,000: ó di 4.5. Ẹni tó fojú lásán wò ó á ní iná ti dín kù ní ìdajì, bẹ́ẹ̀ 40% péré ni. 40% yẹn ni kí ẹ kọ. Adájọ́ tó mọṣẹ́ á ṣe ìṣirò náà fúnra rẹ̀, bó bá sì bá 50% nínú ìwé yín, kò ní gba ìyókù gbọ́. Iná ìdáná àti ti omi gbígbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ojú ọjọ́ yí, ẹ yọ wọ́n kúrò kí ẹ tó pín in. Níbi tó jẹ́ pé amúlétutù ló ń jẹ iná, ọ̀nà kan náà ni; ìwọ̀n tí ooru fi ju ti ìtura lọ lẹ ó máa kà.

Lẹ́yìn ìwé iná, ó kan ìdánwò afẹ́fẹ́, èyí tó ń fi hàn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba ihò ilé jò tó. Fáànù ńlá kan ni wọ́n máa ń dè mọ́ ẹnu ọ̀nà tí á máa fa afẹ́fẹ́ jáde títí ìyàtọ̀ agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ láàárín inú àti ìta á fi di 50 Pascal. Wọ́n á tún yí i padà kó fẹ́ ẹ wọlé, wọ́n á sì mú ìpíndọ́gba méjèèjì. Bí inú ilé bá gba afẹ́fẹ́ 300 m³, tí fáànù sì ń gbé 1,200 m³ ní wákàtí kan, 4 ni máàkì ilé náà, ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pààrọ̀ nígbà mẹ́rin ní wákàtí kan. EnerPHit, ìwé-ẹ̀rí tí Passive House Institute ní Darmstadt, Jámánì, ń fún ilé àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe, kò gbà ju 1.0 lọ. Ẹ ṣe ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ẹ bá dí ihò tán ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì bò ó, àti nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Èyí tó wà láàárín yẹn ló ń gba oníṣẹ́ là. Bí fáànù bá ti ń yí, ẹ fi omi pa ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kí ẹ sì gbé e lọ sí etí fèrèsé, ìdí páìpù, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, àti ibi tí àjà ti pàdé ògiri. Ibi tó bá tutù lójijì, ihò wà níbẹ̀.

Fóòmù alágolo nìkan kò tó yíká férémù fèrèsé. Igi máa ń wú, ó sì máa ń sún kì, fóòmù tó ti gan á là. Tépù tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí ni kí ẹ lẹ̀, ìdajì lórí férémù, ìdajì lára ògiri, kí ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ní igun kó lè ráyè nà. Eruku ni ọ̀tá rẹ̀. Ẹ gbá ojú ibẹ̀, ẹ fi primer, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń jẹ́ kí tépù lẹ̀ dáadáa, kùn ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ tépù mọ́ ọn dáadáa.

Kí insulation, ohun tí kì í jẹ́ kí ooru tètè gba ara ilé kọjá, tó wọlé, ẹ wọn omi inú igi òrùlé. Tó bá lé ní 20%, ẹ dúró, ẹ wá ibi tó ń jò. Bí ẹ bá fi insulation sí inú ògiri, ọ̀rá tó ń dí ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ wà ní apá tó gbóná: apá inú ni níbi òtútù, apá ìta ni níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ tí wọ́n ń lo amúlétutù. Ẹni tó bá gbé e sí òdìkejì, omi á máa ṣẹ́ sínú ògiri láìfojú hàn, títí ara rẹ̀ á fi hu dúdú dúdú.

Ilé tí ẹ ti dí pa gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò máa fi mí. Ẹ fi ẹ̀rọ wọn afẹ́fẹ́ ní ẹnu ihò ìmí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Páìpù afẹ́fẹ́ rírọ̀ tó bá ká kò tàbí tó tẹ̀ kì í gbé afẹ́fẹ́ dé ibi tó yẹ. Ẹ fi nǹkan bí 10 mm sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá. Ẹ̀rọ tó ń jó gáàsì tàbí igi, tó sì ń fa afẹ́fẹ́ inú yàrá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó sùn níbẹ̀, torí èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn ń pani.

Ní ti fọ́tò, ẹ ya ògiri kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó bò ó, kí tépù ìwọ̀n hàn lórí insulation, kí orúkọ yàrá àti ọjọ́ wà níbẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé tó bá ẹrù kọ̀ọ̀kan wá.

Tó bá kan ìwé-ẹ̀rí tàbí àmì-ẹ̀yẹ tí ẹ máa du, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tó ń béèrè. EDGE, ìwé-ẹ̀rí ilé tí IFC, ẹ̀ka kan lára Báńkì Àgbáyé, dá sílẹ̀, fún àpẹẹrẹ, ń béèrè ìdínkù 20% nínú iná, nínú omi, àti nínú agbára tàbí èéfín kábọ́nù tó ti ṣíṣe àwọn ohun èlò ìkọ́lé wá. Ilé tó jẹ́ iná nìkan lẹ dojú kọ lè má yege níbẹ̀. Àwọn kan sì wà tó máa ní wọ́n ti yàn yín fún àmì-ẹ̀yẹ, tí wọ́n á béèrè owó, tí wọn kò ní béèrè ìwé míta kankan. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ẹ fi ẹ̀dà kan lára fáìlì ẹ̀rí yìí sílẹ̀ fún onílé, kí ẹ sì lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ míta tó sọ ibi tí ọ̀rá tó ń dí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin gbà kọjá, kí oníná tó bá wá lu ihò lọ́la lè mọ ibi tó yẹ kó dí padà.