Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Dáńfó

Ọjọ́bọ, alẹ́.

Aago 6:20 àárọ̀ ni mo wọ dáńfó ní Ìyànà Ìpájà. Ìdúmọ̀tà ni mò ń lọ, òwú àti bọ́tìnnì ti tán nílé. Kọ̀ńdọ́ kò tíì gbowó tán tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ fi dá wa dúró ní Dọ̀pẹ̀mú.

Lẹ́yìn ọkọ̀ tó wà níwájú wa, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ pé MALUU TI KO NIRU. Ó parí síbẹ̀. Ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ lé itan bá a sọ ìyókù wúyẹ́wúyẹ́: "Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin." Ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní, "Àmín." Èmi náà ṣe àmín.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Kò sí ibi tí mo ti ń rí òwe yìí lójú ayé tó ẹ̀yìn dáńfó. Láti 2008 tí bọ́ọ̀sì BRT ti ń ná Èkó, mo ti wọ̀ ọ́ dáadáa, ìjókòó rẹ̀ sì tuni lára, àmọ́ ìpolówó ọjà ló kún ara rẹ̀. Dáńfó ń bá mi sọ̀rọ̀. Kí a tó dé Mọ́ńgòrò, mo ti ka Àlùhámúdùlíláì, mo ti ka Sáàmù 121, mo sì ti ka ORI MI GBE MI, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ìlà kan náà, tí kò sí èyí tó ń bá ìkejì jà.

Èyí tó gbé mi lọ́kàn jù ni ISE LOOGUN ISE. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì kankan sí i, iṣẹ́ àti ìṣẹ́ wá di ohun kan náà lójú. Ohùn kan ṣoṣo ló là wọ́n. Mo mọ ọjọ́ tí mo rán aṣọ títí ojú fi ń pọ́n, tí oníbàárà kò sì wá gbé e. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, n kì í mọ èyí tí mò ń ṣe nínú méjèèjì.

Ara ọkọ̀ tí a wà nínú rẹ̀ ńkọ́? Mo ti rí i kí n tó wọlé: DIEDIE NIMU ELEDE. Ẹ̀yìn awakọ̀ gan-an ni mo jókòó sí, mo bá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n kọ ọ́?"

"Èmi ni, àbúrò. Mo fọ ọkọ̀, mo ṣe kọ̀ńdọ́, mo wa ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún tó kọjá ni èyí di tèmi."

Mo ní, "Sùúrù yín pọ̀."

Ó mi orí. "Gbogbo èèyàn ló ń pè é ní sùúrù. Ṣé ẹ rí ẹlẹ́dẹ̀ yẹn? Imú ló kọ́kọ́ ń tì wọnú ọgbà. Bí kò bá ti imú bọ̀ ọ́, ọdún mélòó ló fẹ́ dúró síta?"

N kò rí èsì fọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, "rọra ṣe" nìkan sì ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti lọ wo ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wa, tí mo wọn ògiri rẹ̀, tí mo sì padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá mi níbi tí mo ti ń ránṣọ. Mo ní mò ń ṣe é díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí oníbàárà kò bá tẹ̀ lé mi débẹ̀ ńkọ́? Bí owó ilé ọdún kejì kò bá pé ńkọ́?

Ní Òṣòdì, wọ́n pariwo "Ó wà o!" Kọ̀ńdọ́ so èmi àti ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ pọ̀ nítorí ṣéńjì. Bí a ti pín owó náà tán, ó ní, "Ọlọ́run á bá ẹ lé tìẹ náà, ọmọ mi."

Nígbà tí mo délé, mo pe onílé ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kò tíì sí ẹni tó gbà á. Mo sọ fún un pé mò ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú owó. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì ti tú téèpù jáde láti wọn tábìlì máṣíìnì, kí n mọ̀ bóyá ó máa gba ẹnu ọ̀nà.