Ọjọ́ 39 Kí Egbò Tó Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Yàrá ìtọ́jú egbò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nílùú Ìbàdàn. Tí ẹnì kan bá wọlé, tó fi ọ̀rá dì ẹsẹ̀ kan, tó wọ sílípáàsì sí ìkejì, mo ti fura sí ohun tí mo máa bá nínú ọ̀rá náà. Egbò àtọ̀gbẹ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ yẹn kì í sì í dun oníǹkan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń fi han àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Dókítà Ejiofor Ugwu àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde ní 2019. Wọ́n tọpa alátọ̀gbẹ 336 tí egbò ẹsẹ̀ gbé dé ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà káàkiri Nàìjíríà. Àwọn 119 ni wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ìka ẹsẹ̀ wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún kú. Àwọn ọmọ náà á pariwo. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù, kí wọ́n wo 39: tí a bá to àwọn aláìsàn náà láti orí ẹni tó tètè dé dé orí ẹni tó pẹ́ jù, ẹni tó wà láàárín ti gbé egbò rẹ̀ fún ọjọ́ 39. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí egbò rẹ̀ ti lé ní oṣù kan ni ewu gígé ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀ jù.

Kí ni wọ́n ń fi ọjọ́ 39 ṣe? Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà rò ó fún mi láìfi nǹkan bò. Ìṣó ló gún un, kò mọ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n tú kápúsù pupa-àti-yẹ́lò sójú egbò. Wọ́n fi omi gbígbóná jó o. Oníkẹ́mísìtì àdúgbò gún un lábẹ́rẹ́. Mo ní, "Màmá, kí ló dé tẹ́ ò wá?" Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, tí mo bá wá, ẹ máa ní kí n gba káàdì, kí n ṣe tẹ́ẹ̀sì, kí n lọ ya fọ́tò ẹsẹ̀. Èlùbọ́ mélòó ni n ó tà kí n tó rí owó yẹn?"

N kò lè bá a jà. Obìnrin tó mọ ìṣirò ni. Ohun tí kò kà mọ́ ọn ni bẹ́ẹ̀dì, òwú àti báńdéèjì, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí i lára, iṣẹ́ abẹ, àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti ṣọ́ọ̀bù aránṣọ rẹ̀ pa kó lè máa sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá. Owó àjọ tó fẹ́ fi ra ẹ̀rọ tuntun bá a lọ.

Joses Kirigia àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò àdánù tí àtọ̀gbẹ ń fà fún ẹkùn Áfíríkà: alátọ̀gbẹ mílíọ̀nù 7.02 ní ọdún 2000, àdánù bílíọ̀nù 25.51 ní dọ́là ìṣirò àgbáyé, ìyẹn dọ́là tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé agbára owó orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Wọ́n ka owó oògùn, wọ́n ka ikú àìtọ́jọ́ àti àìlè ṣiṣẹ́ mọ́ ọn. Owó ńlá ni, àmọ́ n kò rí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú rẹ̀. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2022 ní kí gbogbo wa ní ìdójútòfò ìlera. Àwọn oníṣòwò tí mò ń rí ṣì ń san owó ìtọ́jú láti inú àpò ara wọn. Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, àwọn kan ti ń fi ínsúlìn ọ̀sẹ̀ kan lo ọ̀sẹ̀ méjì.

Egbò nìkan kọ́ ni ewu alátọ̀gbẹ; ìṣubú tún wà níbẹ̀. Ìyẹn kì í sí lọ́kàn ará ilé. Ní 2008, Ann Schwartz ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Francisco àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé, láàárín àwọn àgbàlagbà tó ń gba ínsúlìn ní Pittsburgh àti Memphis, àwọn tí HbA1c wọn (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù bíi mélòó kan hàn) kò ju ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ń ṣubú ju àwọn tí tiwọn lé ní 8. Ẹ̀yin ọmọ tó ń yọ̀ pé ṣúgà Bàbá ti wálẹ̀ pátápátá, ẹ bi dókítà bóyá kò ti wálẹ̀ jù. N kò ní kí ẹ jẹ́ kó ga o. Ẹ ṣáà bi Bàbá bóyá ó jẹun lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ínsúlìn rẹ̀ tàbí kò jẹ, kó tó dìde lọ tọ̀ lóru nígbà tí iná kò sí.

Ní tèmi, mo ti ní kí gbogbo aláìsàn mi máa gbé bàtà wọn bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni, bàtà, kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo sábà ń bá níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdérí igo mínírà ni. Bàbá tó ni bàtà ní òun wọ̀ ọ́ lọ síbi ìsìnkú àna òun, òun sì jó níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.