Ta ló ní kí wọ́n má fẹ́ra? Àwọn eré ìfẹ́ Tháílándì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, alẹ́

Ẹni tó bá wo eré ìfẹ́ Tháílándì mẹ́ta tẹ̀léra yóò fẹ́ sọ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ ilé yìí, ọmọ ilé ọ̀hún, àwọn òbí tí kò fẹ́ rí ara wọn sójú, omijé, lẹ́yìn náà ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó máa ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kíákíá: ta gan-an ló ní kí wọ́n má fẹ́ra, kí ló sì ń dun onítọ̀hún? Bí ohun tó ń dùn ún bá fúyẹ́, eré náà á fúyẹ́. Bó bá jẹ́ egbò tí kò jiná, ẹni tí a pè ní ọ̀tá ìfẹ́ lè wá di ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣe wá jùlọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Duang Jai Akkanee, tí Channel 3, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Tháílándì, gbé jáde lọ́dún 2010. Ọ̀kan ni nínú eré mẹ́rin tí ilé iṣẹ́ náà fi ṣe àjọ̀dún ọdún 40 wọn. Omi, ilẹ̀, afẹ́fẹ́ àti iná ni wọ́n fi sọ wọ́n lórúkọ, iná sì ni Akkanee. Nadech Kugimiya àti Urassaya Sperbund, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Yaya, ni olórí òṣèré. Oko ẹran ọ̀sìn ni ìdílé méjèèjì ní, wọ́n sì ti ń bára wọn fà á tipẹ́. Ìjà ajogúnbá lásán ni, ẹ̀rín sì borí rẹ̀. Ẹni tí kò wo irú eré yìí rí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, torí egungun ìtàn náà hàn kedere: wọ́n kọlu ara wọn, nǹkan kan fipá so wọ́n pọ̀, owú dé, àṣírí tú, àwọn àgbà rọ̀.

Bad Buddy lo egungun kan náà, àmọ́ ó kó ẹran mìíràn lé e. GMM25, tẹlifíṣọ̀n mìíràn níbẹ̀, gbé e jáde láti oṣù Kẹwàá 2021 títí dé oṣù Kìíní 2022, ìpele 12 péré. Aládùúgbò ni Pat àti Pran, ọkùnrin ni àwọn méjèèjì. Ohun tó yẹ kéèyàn fi ọkàn sí ni pé kì í ṣe ti pé wọ́n jẹ́ ọkùnrin méjì ni àwọn òbí ń jà sí. Ọmọ ilé kejì ni kò gbọdọ̀ jẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi èsì ìdánwò àwọn ọmọ náà bá ara wọn díje. Nígbà tí ìdí rẹ̀ jáde, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, láàárín bàbá Pat àti ìyá Pran nígbà èwe wọn, níbi tí ọ̀kan ti rẹ́ èkejì jẹ. Àwọn àgbà ló jẹ èso kíkan, eyín àwọn ọmọ ló kan. Eré náà kò sì fi ìlàjà parí. Àwọn ọmọ jẹ́ kí ilé gbà pé àwọn ti pínyà, wọ́n ń fẹ́ra lọ lábẹ́lẹ̀. Àwọn kan kórìíra ìparí yẹn. Lójú tèmi, òun ló jẹ́ òótọ́ jùlọ, torí òbí tó ti gbé ìbínú fún ogún ọdún kì í sọ ọ́ nù láàárín ìpele kan.

Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan péré, Krong Karm ti Channel 3, ọdún 2019, ni. Ọjà Chum Saeng ní ìpínlẹ̀ Nakhon Sawan ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, lásìkò ogun Vietnam, nígbà tí àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà wà ní Takhli, ní ìpínlẹ̀ kan náà. Yoi, ìyá olóòwò tó jẹ́ ọmọ Ṣáínà, bí ọmọkùnrin mẹ́rin. Chai, àkọ́bí, lọ ṣe iṣẹ́ ológun, ó sì mú Renu bọ̀ wálé, obìnrin tó ti fi ara rẹ̀ ṣòwò ní Takhli. James Ma ló ṣe Chai, Ranee Campen ló ṣe Renu, Mai Charoenpura ló ṣe Yoi.

Ìyá ọkọ tí kò fẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, a ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ Yoi ní ìṣirò lọ́wọ́: àkọ́bí ló ń gba ilé àti òwò, aya àkọ́bí ló sì ń di ìyá ilé lẹ́yìn tirẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni, ọ̀rọ̀ ìwé owó ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò bọ àwọn òkú ìdílé ni. Philai, ọmọ olówó tó yàn fún Chai, wá di aya àbúrò Chai, obìnrin méjèèjì sì wà lábẹ́ òrùlé kan. Renu náà kò mọ́ láìlábàwọ́n. Ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn kí ọkàn ọkọ rẹ̀ má baà yí padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣi eré yìí wò nìyẹn: wọ́n ń wá ẹni rere àti ẹni burúkú, nígbà tó jẹ́ pé karma, ìyẹn ẹ̀san iṣẹ́ ọwọ́ ẹni, tó wà nínú orúkọ rẹ̀ kan gbogbo wọn.

Ẹ gbé Khun Chai ti tẹlifíṣọ̀n One31, ọdún 2022, tì í. Ilé ọmọ Ṣáínà ni tibẹ̀ náà, ìyálé àti ìyàwó kejì ń du ipò àrólé fún ọmọ wọn. Tian, ọmọ ìyálé, fẹ́ràn ọkùnrin, ìyá rẹ̀ Li sì mọ̀. Ẹ̀rù ló ń ba Li, kò kórìíra ọmọ rẹ̀: bí orogún bá gbọ́, ohun gbogbo bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Yoi ń lé ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ jáde. Li ń bò ó mọ́lẹ̀, ó sì ń ṣe ibi lórí bíbò náà. Ọmọ ni ọgbẹ́ Yoi àti ti Li jọ ń bá.

Sawan Biang, Channel 3, 2008, yàtọ̀ pátápátá. Bàbá Kawee fẹ́ Leela, inú bí Kawee, ó sì gbẹ̀san lára Narin, ọmọ ìyá Leela, tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nínú irú eré tí wọ́n ń pè ní tob-joob yìí, ìyẹn ìgbájú àti ìfẹnukonu, olórí òṣèré máa ń fipá bá obìnrin lòpọ̀, ìtàn á sì ní kí a dárí jì í. Ann Thongprasom àti Ken Theeradeth ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀, àmọ́ n kò lè pe ìyẹn ní ìfẹ́, kí ẹni tó fẹ́ wò ó ti mọ̀ ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ pípè ló kàn. Phi ni ẹ̀gbọ́n, nong ni àbúrò, ọkùnrin tàbí obìnrin, gan-an bíi tiwa. Nínú ilé ọmọ Ṣáínà, hia ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, je ni ẹ̀gbọ́n obìnrin, sor ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ máa ń pa wọ́n rẹ́, á kàn kọ orúkọ. Kéèyàn fi etí sí i: ọjọ́ tí obìnrin bá kúrò lórí khun, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi ń pe ẹni tí kò sún mọ́ni, tó pe ọkùnrin ní phi, nǹkan ti yí padà, bí ìtumọ̀ kò tiẹ̀ sọ ọ́.

Ní ti wíwá wọn, kí a máa kọ ọdún mọ́ orúkọ, torí wọ́n ń tún eré ṣe léraléra, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ń kọ ọ́ kò sì dúró sójú kan: Rak àti Ruk, ọ̀kan náà ni. GMMTV, ilé iṣẹ́ tó ṣe Bad Buddy, máa ń gé ìpele kan sí apá mẹ́rin lórí YouTube, wọ́n á kọ 1/4 sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fo 3/4 lè má rí ibi tí àṣírí ti tú.

Ó ku Khu Kam. Channel 7 ṣe tiwọn lọ́dún 1990 pẹ̀lú Thongchai McIntyre, Channel 5 sì tún un ṣe lọ́dún 2013. Kobori, ọ̀gá ológun Japan, fẹ́ Angsumalin ní Bangkok nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Níbẹ̀, ìyá obìnrin náà àti ìyá ìyá rẹ̀ fẹ́ràn Kobori. Angsumalin fúnra rẹ̀ ló ń dá ara rẹ̀ lẹ́kun, nítorí ìlú rẹ̀ àti nítorí Vanus tó ti ṣèlérí fún. Ìgbà tí bọ́ǹbù bọ́ sí ibùdókọ̀ ojú irin Bangkok Noi, tí Kobori ń kú lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ló tó sọ fún un pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀.