Owó kọ́ ló ń ba fíìmù kékeré jẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ létí mi mọ́ pé àìrówó ló ń ba fíìmù kéékèèké tẹ́nì kankan ò mọ̀ jẹ́. Mò ń wò wọ́n gan-an o, àwọn tí ò ní gbajúmọ̀ òṣèré kankan, tó jẹ́ pé dírẹ́tọ̀ fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, òun ló gbé kámẹ́rà, ìgbà míì òun náà ló tún ń ṣeré nínú ẹ̀, ibi tówó ò dé yẹn gan-an lọgbọ́n ti máa ń jáde.

Ẹ wo fíìmù Clerks tí Kevin Smith ṣe lọ́dún 1994. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ti yà á, nǹkan bíi 27,000 dọ́là ló ná, alẹ́ nìkan ló sì ráyè lo ibẹ̀ torí wọ́n ń tajà lọ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ ojúmọmọ nìtàn ọ̀hún ń ṣẹlẹ̀. Ó bá ní ẹnì kan ti ki ṣingọ́ọ̀mù bọ inú àgádágodo géètì onírin iwájú ṣọ́ọ̀bù, kò ṣeé ṣí, la ò bá rí òkùnkùn ìta. Ọmọkùnrin tó ń tajà wá fi pólíìṣì bàtà kọ ọ́ gàdàgbà sára aṣọ pé àwọn wà lẹ́nu iṣẹ́ o. Ká lówó wà ni, ṣebí wọ́n á kàn háyà ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ni, a ò sì ní rí géètì tó jọ pé wọ́n fi ti ọmọ yẹn mọ́nú iṣẹ́ tó ti sú u. Kámẹ́rà náà kì í ṣe àwáwí mọ́ o, iPhone ni Sean Baker fi ya Tangerine lọ́dún 2015.

Ohun tó ń ba fíìmù wọ̀nyí jẹ́ gan-an, ohùn ni, etí ni wọ́n fi ń jẹni níyà. Tọkọtaya ń jà ní kíṣìnnì, kámẹ́rà wà lójú ọkọ, fíríìjì ń kùn hùùù, wọ́n gbé e sójú ìyàwó, fíríìjì dákẹ́ lójijì, wọ́n padà sọ́dọ̀ ọkọ, ó tún bẹ̀rẹ̀! Owó kọ́ nìyẹn, wọn ò pa fíríìjì ni. Àwòrán tó ṣú díẹ̀ mo lè mú un mọ́ra, ohùn tí mi ò gbọ́ ńkọ́?

Èyí tó wá burú jù ni pé ẹni tó yà á náà ló ń gé e. Ọkùnrin kan á máa rìn lọ nínú òjò, á rìn rìn rìn, ọ̀rọ̀ ò jáde, nǹkan ò ṣẹlẹ̀, dírẹ́tọ̀ ò sì ní lè yọ ọ́ láé torí ó rántí bójò ṣe pa wọ́n lọ́jọ́ yẹn. Àwa tá à ń wò ó ò mọ̀yẹn jàre.

Tọ̀rọ̀ orin tún wà ńbẹ̀. Charles Burnett parí fíìmù Killer of Sheep ní UCLA, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1970 sí 1980, iṣẹ́ àṣejáde ẹ̀ ni, fíìmù ọ̀hún dáa débi pé wọ́n fi kún National Film Registry, ìyẹn àkójọ fíìmù pàtàkì tí Amẹ́ríkà ń tọ́jú pamọ́, lọ́dún 1990, síbẹ̀ kò ráyè wọ sinimá dáadáa títí di 2007, torí wọn ò tíì gba àṣẹ àwọn orin inú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì máa gbà á náà, wọn ò rí ti ọ̀kan gbà, àfìgbà tí wọ́n fi orin míì rọ́pò ẹ̀ níparí fíìmù.