Wọ́n ń wò mí lẹ́nu

"Wọ́n ní kí n jẹ títí tó fi máa sú mi, wọ́n tún wá ń wò mí lẹ́nu."

Bàbá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Ìjẹ̀ṣà nídìí ọpọ́n ayò lọ́sàn-án òní. Kíṣìnì ni mo wà, fèrèsé ṣí sílẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà. Bàbá Ìjẹ̀ṣà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé sí i fún wọn. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Látìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ tó ń bọ̀ lọ́kàn mi, kò sì jọ pé mo máa rí oorun sùn bí mi ò bá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé Èkó la lọ lópin ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ ìbí ọmọ lọ dáadáa, òjò ò rọ̀, kéèkì kárí. Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ni àbúrò mi ní òun fẹ́ tọ́jú Bàbá, ló bá kó gbogbo wa lọ sí Victoria Island, sí ilé oúnjẹ àwọn ará Japan kan. Owó kan ni wọ́n ń gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ ó wá máa jẹ súṣì, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n gbé ẹja tí wọn ò sè lé lórí, bó bá ṣe wù yín. Mi ò ní kọ iye ẹ̀ síbí, torí ẹnì kan wà tó máa ń ka nǹkan tí mo bá kọ sókè fún Bàbá. Ìwọ náà mọ ara ẹ. Jọ̀ọ́, má ka ti òní.

Bó bá ṣe wù yín, wọ́n ní. Àmọ́ wákàtí méjì péré. Ẹ ò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan lọ sílé. Èyí tẹ́ ẹ bá sì fi sílẹ̀ nínú àwo, ẹ máa sanwó ẹ̀ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn o. Ẹja ló wọ́n, ìrẹsì ló ń yóni. Ẹni tó bá gbọ́n á ṣí ẹja jẹ, á fi ìrẹsì sílẹ̀, á tún bèèrè òmíràn. Onílé oúnjẹ ti gbọ́n jù ú lọ, ó ní kó wá sanwó ìrẹsì.

Bàbá wá ṣe òdìkejì.

Àwo kìíní dé. Ìrẹsì tí wọ́n fi ọwọ́ mọ, kò ju ìka méjì lọ, ẹja salmon tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sùn lé e lórí, ó ń dán. Bàbá wò ó títí. Wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ká ẹja náà sókè, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ṣí ewé lára mọ́ínmọ́ín gbígbóná, wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, wọ́n wá ju ìrẹsì sẹ́nu. Ohun tí wọn ò kíyè sí ni wasabi, nǹkan aláwọ̀ ewé tí alásè fi pa àárín ìrẹsì àti ẹja. Ìyẹn kì í jà lórí ahọ́n bí ata rodo, imú ló ń gbà lọ tààrà. Omi lé ròrò lójú Bàbá. Wọ́n gbé e mì. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ata. Ìjà ni."

A rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa náà rẹ́rìn-ín, ó sún mọ́ tòsí. "Daddy, ẹ ò fẹ́ràn ẹja ẹ̀ ni?" Bàbá ní, "Ẹja tí ò tíì fojú kan iná, ta ni kó fẹ́ràn ẹ̀?" Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Ìrẹsì ń wọlé, ẹja ń tò sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ọmọkùnrin yẹn ò kúrò nídìí wa mọ́. Ó káwọ́ sẹ́yìn, ó dúró. Mo mọ ohun tó ń kà.

Èmi náà ń kà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ nípa ìtọ̀ ṣúgà Bàbá, ẹ sì mọ ohun tójú wa rí lọ́dún tó kọjá. Ìrẹsì súṣì kì í ṣe ìrẹsì lásán: tó bá ti jinná, fíníga, ṣúgà àti iyọ̀ ni wọ́n máa ń rò mọ́ ọn. Bàbá wá ń fi ẹja tó lè ṣe wọ́n láǹfààní sílẹ̀, wọ́n ń jẹ ìrẹsì oníṣúgà. Kí lẹ fẹ́ kí n máa wò? Fèrèsé? Ẹnu wọn ni mò ń wò.

Èmi àti àbúrò mi la wá jẹ gbogbo ẹja tí Bàbá ṣí sílẹ̀, ká má bàa sanwó ìtanràn. Ìyàwó ẹ̀ ò lè bá wa dá sí i, nítorí oyún. Títí a fi dé orí Third Mainland ni ẹja ń rìn nínú mi.

Ta ni Bàbá wá ń pè ní "wọ́n"? Mo ti yí i síwá yí i sẹ́yìn. Ọmọkùnrin yẹn kọ́, ọmọ kékeré ni, Bàbá ò ní pè é ní wọ́n. Ó lè jẹ́ ilé oúnjẹ náà lápapọ̀. Ó dáa, ká gbà pé ilé oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ kọ́ ló ní kí wọ́n jẹ títí tó fi máa sú wọn. Àbúrò mi ló sọ ọ́, nínú mọ́tò, ó tún un sọ bí wọ́n ṣe jókòó: "Bàbá, ẹ jẹ ẹ́ títí tó fi máa sú yín." Ẹni tó sọ ọ́ rèé. Àwọn tó ń wo ẹnu wá ńkọ́?

Bàbá Ìjẹ̀ṣà dá wọn lóhùn pé, "Èmi ọmọ Òṣómàáló? Màá lóṣòó tì wọ́n síbẹ̀ ni. Bí wọ́n bá ń wò mí lẹ́nu, èmi náà á máa wò wọ́n lójú, títí màá fi jẹ owó mi tán!"

Bàbá ní, "Owó mi kọ́. Owó ọmọ ni."

Wọ́n ta ayò lọ. Mo gbọ́ bí ọmọ ayò ṣe ń bọ́ sínú ihò.

Mo mọ̀ pé mo lè máa sọ ọ̀rọ̀ di ńlá. Ẹni tó bá pín oúnjẹ, ó gbọ́dọ̀ wo ẹnu. Ẹ lọ sí ìnáwó èyíkéyìí ní Ifẹ̀ yìí, láti Lágere dé Modákẹ́kẹ́, ẹ wo ẹni tí wọ́n gbé ẹran tì. Ó mọ ẹni tó ti gbà, ó mọ ẹni tó ń nawọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó mọ ẹni tó fi táńkáádì pamọ́ sábẹ́ gèlè. Kò sẹ́ni tó ń bínú sí i. Tàbí wọ́n ń bínú, àmọ́ wọn ò sọ.

Iná ti lọ láti aago mẹ́jọ. Mo fi ìyókù dátà mi ka nípa súṣì, bí ẹni pé ibẹ̀ ni màá ti rí ẹni tí Bàbá ń bá wí. Ẹ gbọ́ èyí: ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹja ni wọ́n ń fi iyọ̀ àti ìrẹsì dì fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó má bàa bàjẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á kó ìrẹsì dà nù. Wọ́n á dà á nù pátápátá! Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ mọ lójú ẹsẹ̀ yìí, bí ọdún 1820 síwájú ló gbòde ní Edo, ìlú tó di Tokyo, oúnjẹ ojú pópó sì ni nígbà náà. Ti salmon ló tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ará Japan fúnra wọn kì í jẹ ẹ́ ní tútù tẹ́lẹ̀, torí aràn tó máa ń wà nínú èyí tí wọ́n ń pa lágbègbè wọn. Àwọn ará Norway, tó ń sin tiwọn, ló lọ ń rọ̀ wọ́n láàárín àwọn ọdún 1980 títí wọ́n fi gbà. Bàbá ò kà á níbì kankan, wọ́n kàn wo ẹja náà lójú ni.

Ọdún 1958 wá dé. Lọ́dún yẹn ni Imperial Hotel ní Tokyo bẹ̀rẹ̀ ètò ká san owó kan ká jẹ bó bá ṣe wuni. Viking ni wọ́n pè é, orúkọ àwọn jagunjagun orí omi ayé àtijọ́ ní agbègbè Denmark, torí ilẹ̀ Denmark ni ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì náà ti rí irú ẹ̀. Lọ́dún 1958 kan náà, lágbègbè Osaka, Yoshiaki Shiraishi ṣí ilé súṣì tí kò ti sẹ́ni tó ń gbé àwo: bẹ́líìtì ló ń gbé oúnjẹ kọjá níwájú yín, ẹ ó mú èyí tó bá wù yín. Ilé iṣẹ́ bíà ló ti rí bẹ́líìtì tó ń gbé ìgò. Inú mi kọ́kọ́ dùn sí ìyẹn, pé níbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń dúró sẹ́yìn àga ẹnikẹ́ni. Mo kà á síwájú, ó ku kí n fọ́n fóònù dànù: tẹ́ ẹ bá jẹun tán, wọ́n á wá ka àwo tó wà níwájú yín.

Bàbá wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1958. Wọ́n wà lára àwọn ọmọ tí ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ kó wọ kíláàsì ní 1955, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n máa sọ ọ́.

Nígbà tá à ń bọ̀, wọ́n ní kí n dúró ní Ìkirè. Mo ti mọ ìdí ẹ̀. Wọ́n sọ gíláàsì ọkọ̀ kalẹ̀, wọ́n fúnra wọn ná dòdò, wọ́n sanwó látinú àpò ara wọn, wọ́n gbé ọ̀rá náà lé itan. A ò tíì dé Gbọ̀ngán tí mo fi sọ pé, "Bàbá, ẹyọ kan ni o." Wọ́n ní, "Mo gbọ́." Wọn ò jẹ ẹyọ kan ọ̀hún. Ọwọ́ Bàbá Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀rá dòdò wà lónìí.

Ẹ mọ ẹni tó máa ń bu oúnjẹ Bàbá tẹ́lẹ̀. Òun náà ń wò wọ́n lẹ́nu. Ó máa ń yọ òkèlè méjì kúrò lórí ìyán wọn lójú wọn kòrókòró, ó sì máa ń jẹ ẹ́ níwájú wọn. Bàbá á pariwo, "Olè! Olè inú ilé!" Àwọn méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. Èmi, tí mo bá yọ òkèlè, kíṣìnì ni mo ti ń yọ ọ́, kí n tó gbé abọ́ jáde. Mo rò pé èyí ló ní ọ̀wọ̀ nínú. Mi ò mọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń bèèrè ohun tí wọ́n jẹ, ta ló ń bi? Ta ló ń mú káàdì dání? Inú ń bí mi báyìí, mi ò sì mọ ẹni tó ń bí mi nínú. Ó rọrùn fún àbúrò mi láti máa sọ pé ẹ jẹ bó bá ṣe wù yín. Wákàtí méjì ni tiẹ̀. Ó sanwó, ó ya fọ́tò, ó gbé Bàbá padà fún mi.

Rárá, mi ò lè sọ ìyẹn. Ọmọ dáadáa ni. Ó ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí.

Lálẹ́ yìí mo gbé ẹ̀wà síwájú Bàbá, mo ní ohun kan wà tí mo fẹ́ ṣe níta. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú òkùnkùn, kí n má bàa wò wọ́n. Mo wá ń gbọ́ bí ṣíbí ṣe ń kan abọ́. Ẹ̀fọn jẹ mí jẹ mí. Bàbá kígbe látinú ilé pé, "Ṣé nǹkan tó ò ń ṣe níta ò tíì tán ni? Wá jẹun, ó ti ń tutù."

Aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀ ọ̀la la máa wọn ṣúgà wọn. Bó bá ga, màá sọ ọ́. Bó bá sì wà níbi tó yẹ, mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ.

Àbúrò mi ti fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní òun ti rí ibòmíràn ní Ìkẹjà, ẹran sísun ni tiwọn, ìwọ̀nba tó bá wuni náà ni, pé kí n sọ fún Bàbá. Mo ní kó pè wọ́n fúnra ẹ̀.