Mo fi mítà wọn sáúnà kí n tó sanwó

"Nínú ooru ilẹ̀ wa yìí, ooru lẹ tún ń fowó rà?" Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ nìyẹn nígbà tí mo sọ fún wọn pé a fẹ́ gbé sáúnà, yàrá ooru tí èèyàn ń jókòó sí láti làágùn, wá sílé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mi ò bá wọn jiyàn. Wọn kì í sùn sílé wa, wọn ò mọ bí Ìyá Tóbi, ìyàwó mi, ṣe ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní oṣù keje bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú. Á kọ́kọ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á di etí bẹ́ẹ̀dì mú, á wá máa gbé ìbàdí díẹ̀díẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló fi yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ní gbogbo ìgbà tí òun bá wà nídìí agbada, ìbàdí kì í dun òun, àfi bí òun bá dìde níbẹ̀ tí ara tutù.

Kòkò àgbo la kọ́kọ́ ń lò: ewé dóńgóyárò, ewé máńgòrò, kóríko ọba. A ó gbé e sábẹ́ àga bó ṣe ń hó, a ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo òun àti àga. Ó ń ṣe é lóore. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó fẹsẹ̀ gbá kòkò náà níbi tó ti fẹ́ dìde. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run pé apá ibi tí ẹnikẹ́ni ò sí ni omi náà dà sí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wá ọ̀nà mìíràn.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Finland ló dá ọ̀rọ̀ sáúnà sílẹ̀. Àṣà wọn ni. UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá ayé ní 2020. Yàrá onípákó ni, òkúta máa ń gbóná lórí ààrò, wọ́n á máa bu omi sí i, ooru ibẹ̀ sì ń tó 80 sí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan tó jáde ní 2015, lórí ọkùnrin 2,315 ní ìlà oòrùn Finland, tí wọ́n ṣọ́ fún bí ogún ọdún. Àìsàn ọkàn kò pa àwọn tó ń wọ sáúnà nígbà mẹ́rin sí méje lọ́sẹ̀ tó bó ṣe pa àwọn tó ń wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ẹni tó fẹ́ ta sáúnà fún mi ní Èkó ló ka ìwádìí yìí sí mi létí. Àpótí infrared sì ni wọ́n ń tà, èyí tí pátákó oníná inú rẹ̀ ń fi ooru ránṣẹ́ tààrà sí ara, tí ooru rẹ̀ máa ń wà láàárín 45 sí 60, tí kò ní òkúta, tí kò ní omi. Ọ̀tọ̀ lèyí, ọ̀tọ̀ lèyẹn. Ìbàdí ni mo bá wá. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọkàn tà á fún mi.

Sáúnà tó ń jó igi kò ní wáyà iná rárá, ì bá sì tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n stóòrù ẹ̀gbẹ́ kíṣíìnì ni àyè tí a ní. Infrared náà ló kù.

Físíìsì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ fi hàn wọ́n ni kọ́ńpáàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà: bí iná bátìrì bá gba inú wáyà náà kọjá, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì á yí. Ibi tí iná bá ti ń ṣàn, òòfà wà láyìíká rẹ̀. Ohun tó wà nídìí EMF tí wọ́n ń kọ sára ọjà nìyẹn, ìyẹn agbára òòfà àti ti iná tó ń yọ láyìíká ohun tó ń lo iná. Àpótí infrared ẹlẹ́nìkan ń jẹ tó kílówáàtì kan àbọ̀ sí méjì, ẹ̀yìn ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pátákó tó ń gbóná. Ibẹ̀ gan-an ni òòfà ti le jù, torí béèyàn bá ṣe ń jìnnà sí i ló ń dín kù.

Ní 2002, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, fi òòfà iná ilé sí ìpele 2B, ìyẹn àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n rí pé ó pọ̀ díẹ̀ lára àwọn ọmọdé tí òòfà inú ilé wọn ń ju milligauss (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka òòfà) mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tọ̀sán-tòru. Wọn ò rí i fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òòfà náà ló fà á. Ààlà tí ICNIRP, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò lórí irú nǹkan báyìí, fi lélẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2010 jẹ́ 2,000 milligauss. Ogún ìṣẹ́jú nínú àpótí kì í sì í ṣe gbígbé inú ilé. Nítorí náà, ẹ̀rù kò bà mí. Mo ń wá èyí tó kéré nítorí pé dídín in kù kò ṣòro fún ẹni tó mọṣẹ́: bí wọ́n bá lọ́ wáyà tó ń gbé iná lọ mọ́ èyí tó ń gbé e bọ̀ bí ẹni ń lọ́ okùn, òòfà èkíní á pa ti èkejì. Ilé iṣẹ́ tí kò bá lè ṣe ìyẹn, irú gọ́ọ̀mù wo ló fi lẹ pákó tí yóò máa gbóná mọ́ ìyàwó mi lára?

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tajà ní, "Bàbá, òdo ni EMF rẹ̀, ẹ wá wò ó." Ó gbé fóònù sínú àpótí, áàpù orí rẹ̀ fi microtesla (òṣùwọ̀n òòfà mìíràn) méjìlélọ́gbọ̀n hàn. Ó tan àpótí náà, òǹkà kò yí. Mo ní kó bá mi jáde síta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níta, méjìlélọ́gbọ̀n náà ni. Òòfà ilẹ̀ ayé ni fóònù ń kà, èyí tó ń darí kọ́ńpáàsì sí àríwá. Kì í ṣe mítà fún òòfà iná tó ń yí síwá sẹ́yìn nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ náà kò mọ̀ọ́mọ̀ parọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Mo yọ mítà temi, èyí tí Tóbi rà fún mi. Ìgbà tí àpótí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni mo wọ̀n ọ́n, torí bí ooru rẹ̀ bá ti pé, á pa ara rẹ̀, òǹkà á sì lọ sílẹ̀. Láàárín àpótí, milligauss méjì. Níbi tí ìbàdí Ìyá Tóbi máa kàn, mọ́kàndínlógójì. Àárín ni ẹni tó kọ òǹkà sára ọjà náà ti wọ̀n ọ́n, ẹnikẹ́ni kì í sì í jókòó sí àárín. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, méjì àbọ̀ ni mo bá lẹ́yìn, mọ́kànlá lábẹ́ bẹ́ǹṣì níbi tí àpótí wáyà wà. Mo bi wọ́n bóyá èyí tí àpótí wáyà rẹ̀ wà lórí òrùlé wà. Ó wà. Òun la rà.

Ẹnì kan fẹ́ ta èyí tó ti Amẹ́ríkà wá fún mi ní owó pọ́ọ́kú. 120 volt ni, àfi ká wá ra tiransífọ́mà fún un, tiransífọ́mà náà sì ní òòfà tirẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé ara wa ló wá ká mi lára jù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì stóòrù ní ihò mẹ́ta, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹlẹ́tríṣíànì tú u, kò sí wáyà áàtì, èyí tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, kankan lẹ́yìn ihò kẹta. Ọdún mélòó la ti ń ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́! Ẹni tó ń làágùn nínú àpótí iná tí kò ní áàtì, òòfà kọ́ ni ewu tó wà lára rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ kòtò lẹ́yìn kànga níbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, wọ́n kan ọ̀pá bàbà mọ́lẹ̀, wọ́n da èédú àti iyọ̀ sí i, wọ́n fa wáyà tó nípọn wọlé, wọ́n sì fi bírékà tó ń já fúnra rẹ̀ bí iná bá fẹ́ gba ara ènìyàn lọ sílẹ̀. Áàtì yìí kan náà ló ń mú apá kejì EMF rọlẹ̀, ti iná fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi volt kà, tí kì í sábà sí lára sítíkà ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ ra sáúnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pe ẹlẹ́tríṣíànì kí ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Dókítà tó ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru Ìyá Tóbi la kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́, ogún ìṣẹ́jú, ike omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi lẹ́nu ọ̀nà. Kì í jẹ tó yúníìtì kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wa wọ̀ ọ́.

Lówùúrọ̀ púpọ̀ báyìí, ó ń dìde láìdi etí bẹ́ẹ̀dì mú. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ó ṣì ń dì í mú.