Ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ń wúkọ́ lórí òkè Andes

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé mo ti jẹ yín ní gbèsè ìtàn Peru yìí láti oṣù keje, àwọn kan tiẹ̀ ti ń bú mi lórí WhatsApp, ẹ má bínú, iṣẹ́ ni. Bí mo ṣe dé Lima ò ládùn nínú rárá, ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni, ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ àti irúgbìn là ń sọ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àmọ́ kí n tó kúrò l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní dé ìdí Andes kí n má gùn ún. Bí ìpàdé ṣe parí báyìí, mo wọ báàlù, ó di Cusco.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Etí òkun ni Lima wà, Cusco wà ní nǹkan bíi mítà 3,400 sókè, báàlù ò sì ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, ara ò ráyè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ wò ó báyìí: òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà, Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, mítà 2,419 ni. Ìlú táwọn èèyàn ń gbé nìyí o, tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, tọ́mọ ń gbé báàgì lọ iléèwé, ó sì fi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mítà ga ju òkè tiwa lọ. Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété tèmi ò tó irinwó mítà. Mo gbé báàgì mi, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ṣoṣo ni mo gùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, mo sì jókòó pẹ̀ẹ̀ sórí àtẹ̀gùn bí ìyá àgbà tó ru èlùbọ́ ti ọjà Jágun wálé, mò ń mí gúlegúle.

Soroche ni wọ́n ń pe àìsàn òkè yẹn. Orí á máa lù ẹ́ bí ẹni ń gúnyán, oúnjẹ ò ní wù ẹ́, tó o bá sùn wàá tají lójijì bí ẹni tí wọ́n bò nímú. Ìyá tó ni hòtẹ́ẹ̀lì bu tíì ewé coca fún mi, ewé kan náà tí àwọn ẹlẹ́gbin ń fi ṣe kokéènì, àmọ́ ní Peru kò sí ẹni tó máa mú ẹ torí pé o jẹ ewé lásán, àtìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹ́ tí wọ́n ń mu ún. Ó dà bíi tíì tó ti bá koríko sùn mọ́jú. Ẹ má dán an wò kẹ́ ẹ dì í wálé ṣá, àwọn tó ń tú báàgì ní pápákọ̀ òfurufú ò ní bi yín bóyá orí ló ń fọ́ yín.

Kí n tó máa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ jẹnotáìpù, torí àwa gan-an ló kàn jù. Tó o bá jẹ́ SS, fi òkè tó ga báyìí sílẹ̀. AS náà ńkọ́, tí nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin nínú àwa ọmọ Nàìjíríà jẹ́, tá a máa ń sọ pé kò sóhun tó ń ṣe é? Nílé, òótọ́ ni. Àmọ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹlòmíì tó jẹ́ AS, tí kò ṣàìsàn rí, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lókè ikùn lè ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún gidi, ọ̀rọ̀ ọsibítù ló sì máa dà. Torí náà kó o rí dókítà kó o tó sanwó fẹ́nikẹ́ni. AA ni mí, mo tún fi ọjọ́ méjì gbáko jókòó sí Cusco kí ara lè mọ ibẹ̀ kí n tó lọ.

Vinicunca ni mò ń lọ, àwọn àlejò ń pè é ní Òkè Òṣùmàrè, ó lé ní mítà 5,000. Aago mẹ́rin ìdájí ni bọ́ọ̀sì wá gbé mi. Òtútù yẹn, mi ò ní parọ́ fún yín, ọyẹ́ tí mo ti ń sá fún láti kékeré, ṣe ló wá dà bíi pé abẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi ń fẹ́ mi. Ní ilé òjò ń rọ̀, àmọ́ lọ́dọ̀ tiwọn ẹ̀ẹ̀rùn ló wà níta, òun náà sì ni ìgbà òtútù. Mo wọ ṣòkòtò méjì, síwẹ́tà méjì, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo wá fi gèlè wé etí kí n tó de fìlà lé e. Àwọn tá a jọ wà nínú bọ́ọ̀sì ń wò mí, mo ní ẹ máa wò.

Lẹ́yìn bíi wákàtí méjì ààbọ̀ a dé ibi tí wọ́n to àwọn ẹ̀rọ sí. Cuatrimoto ni wọ́n ń pè é. Ẹ fojú inú wo ọ̀kadà tí ìdí ẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n wá fi taya gbàǹgbà-gbàǹgbà mẹ́rin gbé e dúró. Èmi tí mo dàgbà sí ṣọ́ọ̀bù tí bọ̀ọ̀dá mi ti ń tún ọ̀kadà ṣe nítòsí Tákíè, tí wọ́n kọ́ mi ní ọ̀kadà kí n tó wọ sẹ́kọ́ńdírì, mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n tán. Gáìdì wa ní ká dán an wò lórí pápá kékeré kan, gbogbo èèyàn ń lọ, èmi nìkan ni mo dúró. Mò ń lọ́ ọwọ́ ọ̀tún, mò ń lọ́ ọ, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àṣé eléyìí kì í ṣe lílọ́, irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà níbi àtàǹpàkò, òun lèèyàn ń tì tó bá fẹ́ fún un níná. Bàbá òyìnbó kan tí kò gun ọ̀kadà rí láyé ẹ̀ ti ń yí po yí po lójú mi. Yíyà rẹ̀ náà tún yàtọ̀, ọ̀kadà á bá ẹ tẹ̀ síbi tó ò ń yà sí, eléyìí ò mọ ìyẹn, gbagidi ló dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, apá lo máa fi wọ́ ọ, kó tó dọ̀sán èjìká mi ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀.

A gbéra. Gáìdì wa níwájú, ọmọkùnrin kan lẹ́yìn pátápátá, àwa mẹ́jọ láàárín, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Eruku! Ẹni tó bá ti fi ọ̀kadà tẹ̀lé tírélà lójú ọ̀nà tí wọn ò dá ọ̀dà sí máa mọ ohun tí mò ń wí. A kọjá lábúlé, a la odò kan kọjá lórí afárá onípákó, agbo alpaca wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àgùntàn ọlọ́rùn gígùn ṣáá ni mo máa pè wọ́n, wọ́n ń jẹko wọ́n sì ń wò wá bí ẹni pé àwa la sọnù. Ọ̀nà yẹn ń lọ́ gọọrọgọ bí ejò, apá kan òkè, apá kejì òfìfo, mi ò wo apá kejì yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tá a ti gùn ún dáadáa, tí mo ti ń rí Ausangate níwájú pẹ̀lú yìnyín funfun báláú lórí ẹ̀ (òun lé ní mítà 6,300, kò sí òkè kankan ní gbogbo Áfíríkà tó tó o, Kilimanjaro gan-an ò tó o), ẹ̀rọ mi bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Kọ̀-kọ̀-kọ̀, á dákẹ́, á tún gbà. Mo ti irin yẹn dé òpin kó lè lágbára, ṣe ló túbọ̀ ń kú lọ, èéfín dúdú ń jáde nídìí ẹ̀. Mo rò pé èmi ni mo bà á jẹ́, mo ti ń ṣírò iye owó tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ mi. Gáìdì wa padà wá, kò bínú. Ó nawọ́ sí àyà mi tó ń lọ sókè sódò, ó nawọ́ sí ẹ́ńjìnì, ó ní afẹ́fẹ́ ò tó ìwọ, afẹ́fẹ́ ò tó òun náà. Ó ní kí n má tì í dópin mọ́, kí n máa fún un níná díẹ̀díẹ̀, kí n jẹ́ kó rọra máa gùn. Ó gbọ́ràn lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ì bá bá wa.

Kó tó padà sídìí tiẹ̀, ó mú ewé coca mẹ́ta nínú àpò, ó tò wọ́n bí abẹ̀bẹ̀, ó gbé e súnmọ́ ẹnu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lápá Ausangate, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Quechua. Apu ni wọ́n ń pe òkè bẹ́ẹ̀, wọ́n gbà pé ó ń gbọ́. Ilẹ̀ ni Pachamama, tí wọ́n bá fẹ́ mu ọtí àgbàdo wọn, wọ́n á kọ́kọ́ ta á sílẹ̀ fún un. Mo rẹ́rìn-ín sínú, ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, àṣé o délé ẹlòmíì. Màámi tí í ṣe ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi paraku ò kọ́kọ́ bi mí ní nǹkan mìíràn nígbà tí mo sọ ọ́ nílé ju pé "ṣé o ò bá wọn bọ òkè ṣá?" Mo ní rárá, mo kàn dúró ni.

A pa ẹ̀rọ tì, ó ku ẹsẹ̀ rírìn. Àwọn ará abúlé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin, wọ́n á gbé ẹ tó o bá lówó, ìgbéraga ò jẹ́ n gùn ún. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, màá dúró. Ìṣísẹ̀ méje, màá dúró. Lókè yẹn, afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń mí sínú ò ju bí ìdajì ohun tó ń rí ní etí òkun lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, mo kọ́kọ́ jókòó, òkè ì bá wù kó láwọ̀, mi ò rí i.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa àwọ̀ yẹn. Àwòrán tẹ́ ẹ̀ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fi fóònù kùn ún. Ó rẹwà, àmọ́ ó pọ́n bí àdìrẹ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún méjì ni, kì í ṣe bí aṣọ tuntun. Erùpẹ̀ tó dì léra wọn ní ìpele-ìpele láyé àtijọ́ ni, ilẹ̀ wá tì wọ́n sókè, ó sì dà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́. Pupa tó wà níbẹ̀, irin tó dípẹtà nínú ilẹ̀ ló fà á, ohun kan náà tó sọ ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ di pupa tí kì í fi í kúrò létí ṣòkòtò. Mo lọ jìnnà tó yẹn lọ rí ilẹ̀ ilé.

Oúnjẹ ọ̀sán la jẹ nígbà tá a sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti rí nǹkan tí mi ò retí. Ọbẹ̀ ni wọ́n bù, nǹkan dúdú rógódó-rógódó kan wà nínú ẹ̀, chuño ni wọ́n ń pè é. Pọ̀tétò ni o. Wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní gbangba lóru kí òtútù sọ ọ́ di yìnyín, tílẹ̀ bá mọ́ oòrùn á yọ́ ọ, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ omi inú ẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe fún ọjọ́ mélòó kan títí á fi gbẹ táútáú, ó sì lè wà nílẹ̀ fún ọdún. Mo ju ṣíbí sílẹ̀. Gbọ́dọ̀ rèé! Màámi tó fi èlùbọ́ títà tọ́ wa, bó ṣe ń bọ iṣu lómi gbígbóná, tó ń jẹ́ kó sùn sómi mọ́jú, tó ń sá a sórí àpáta, nǹkan kan náà ni, àfi pé iná la fi ń ṣe tiwa, yìnyín ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Nígbà tí mo sọ fún un, ó gbọ́ tán, ó ní, "Ṣé ó ń fà?" Mo ní wọn kì í rò ó, odidi ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ó kàn mi orí. Mo tún sọ fún un pé lókè Vinicunca, omi á ti máa hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 83 dípò 100, ó ní ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rò ó, kókó ni ì bá jẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Cusco, mo fi fídíò tí mo ká nígbà tí ẹ̀rọ ń wúkọ́ ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá mi. Mi ò sọ ibi tí mo wà nígbà yẹn, mo kàn ní ẹ gbọ́ nǹkan yìí. Wákàtí mẹ́fà ni ilé fi ṣíwájú Peru, torí náà oru ni mo gbọ́ èsì wọn, wọ́n ti jí kírun ní tiwọn. Bọ̀ọ̀dá mi ò kúrò ní Nàìjíríà rí, ibi tó ga jù tí wọ́n dé ni Jọs. Ohùn wọn rọra ń bọ̀ nínú fóònù: "Àbúrò, pọ́lọ́ọ̀gì ò ṣe nǹkan kan. Kabúrétọ̀ yẹn ń bu epo tó yẹ kó bù, afẹ́fẹ́ tó máa jó o ni ò pé. Epo wá pọ̀ jù fún afẹ́fẹ́, ìyẹn ló ń yọ èéfín dúdú. Ibi gíga lo wà, àbí? Sọ fún wọn kí wọ́n fi jẹ́ẹ̀tì tójú ẹ̀ kéré sí i, kí epo tó ń wọlé lè dín kù." Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo ra fìlà onírun alpaca tó bo etí fún wọn. Wọ́n dé e nínú ṣọ́ọ̀bù níjọ́ tí mo dé, nínú ooru, àwọn ọmọṣẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Mo ṣí fídíò òkè yẹn fún wọn lórí fóònù mi, mo ní ẹ wo àwọ̀, ẹ wo yìnyín lọ́hùn-ún. Wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n da ojú ẹ̀ dé orí itan, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́, wọ́n di ojú, wọ́n ń gbọ́ ẹ́ńjìnì.